Fíúsì Tó Jó Ló Kó Wa Yọ

Lọ́jọ́ kan ní Festac, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi dúróònù ya àwòrán láti òkè. Iná kò sí, la bá ki ṣájà méjì bọ ihò iná ọkọ̀, ibi tí wọ́n fi ń tan sìgá láyé àtijọ́. Nígbà tí bátìrì ń súnmọ́ kíkún, gbogbo ẹ̀ kú fin-ín. Fíúsì 10A ti jó.

Oníṣẹ́ iná mọ́tò kan ní Amuwo-Odofin ní òun á fi 30A sí i. Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n, 10A náà ni kí ẹ dá padà."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bátìrì wa ní sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù mẹ́ta, 4.2V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá kún, àpapọ̀ 12.6V. 6A là ń fi ṣájì í: 12.6 × 6 = 75.6W. Méjì jẹ́ 151.2W. Pín in sí 12V ọkọ̀: 12.6A, láì tíì ka èyí tó bá ooru ṣájà lọ!

Fíúsì ni aṣọ́nà wáyà. Tí ẹ bá fi 30A sí i, wáyà á gbóná títí ike ara ẹ̀ á fi yọ́, fíúsì á sì kàn máa wòran.

Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa ṣájì wọn, pẹ̀lú ṣájà lítíọ́ọ̀mù tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fò tutù ná. Èyí tó bá wú, ẹ má ṣájì í mọ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú oòrùn.