Asẹ́ Adágún Ẹja

Gbogbo ará Ìkálẹ̀ ló mọ̀ pé pupuru kì í dùn láìsí ẹja. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ìlàjẹ ní ọjà Ìgbókòdá. Lónìí, ẹni tí ó bá ní àyè díẹ̀ ní ẹ̀hìn ilé ní Iyansan lè fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì mọ adágún, kí ó sì máa sin àrọ̀ tàbí epìyà. Owó kékeré kọ́ ni ó ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹja lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Inú omi ni ẹja ń gbé, inú rẹ̀ náà ni ó ń yàgbẹ́ sí. Ìgbẹ́ yìí, àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán, a máa di májèlé kan tí à ń pè ní amóníà. Omi lè mọ́ gaara kí amóníà sì kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lo asẹ́.

Asẹ́ kò ṣòro í ṣe. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù ike, ẹ fi àwọ̀n lé e lórí. Ẹ̀rọ kékeré yóò máa fa omi adágún wá sórí àwọ̀n náà. Àwọ̀n á gba ẹ̀gbin ńláńlá, omi á gba àárín òkúta kọjá, páìpù á sì gbé e padà sínú adágún.

Lẹ́hìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, òkúta yóò máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn kan ń sọ amóníà di májèlé mìíràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á wá sọ ìyẹn di ohun tí kì í tètè pa ẹja lára, tí ewéko sì fẹ́ràn. Ará Rọ́ṣíà kan, Sergei Winogradsky, ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní ọdún 1890.

Ẹni tí ó bá wá fi ọṣẹ fọ òkúta asẹ́, tí ó sì sá a sí oòrùn, ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹja lè bẹ̀rẹ̀ sí kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ṣé ẹ rí i, ìmọ́tótó ti inú ilé ìdáná kò bá asẹ́ mu. Omi adágún náà ni kí ẹ bù sínú garawa, kí ẹ rọra ṣan òkúta nínú rẹ̀. Ìdajì ni kí ẹ ṣan lónìí, ìdajì di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹ má lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi kílórìn sí. Àwọ̀n nìkan ló ṣeé fọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ da omi ìdọ̀tí náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yóò ṣe é lóore.

Bí iná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ńkọ́? Àwọn kòkòrò náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí omi kò bá ṣàn, wọn a máa kú. Ẹ má fún ẹja ní oúnjẹ. Nígbà tí iná bá dé, ẹ kọ́kọ́ da omi inú dúrọ́ọ̀mù nù kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, torí omi náà ti bàjẹ́.

Ìbéèrè: Èéṣe tí a kì í fi ọṣẹ fọ òkúta asẹ́? Irú omi wo ni a fi ń ṣan án? Kí ni ẹ máa ṣe bí iná bá lọ láti àárọ̀ di alẹ́?