Oúnjẹ Ni Ìpìlẹ̀ Eyín: Ipa Fítámìn àti Mínírà Lórí Ìlera Eyín, àti Ohun Tó Kan Olùkọ́ Yorùbá Níbẹ̀

Àṣamọ̀

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín nínú kíláàsì Yorùbá kì í sábà kọjá orin, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé oúnjẹ ti ń ṣiṣẹ́ lórí eyín kí eyín tó yọ rárá. A ṣàlàyé iṣẹ́ tí fítámìn àti mínírà ń ṣe, a sọ ibi tí agbára wọn mọ, a sì dá àbá lórí bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ni ní ìmọ̀ yìí láìdójú ti ọmọ.

1.0 Ìfáàrà

Ohun iyì ni eyín láwùjọ Yorùbá. A máa ń fi eyín tó funfun wé ẹ̀gbọ̀n òwú, a sì ka èjí mọ́ ohun tó ń bu ẹwà kún ènìyàn. Bí eyín ọmọdé bá ká, a ní kó jù ú sórí òrùlé kí tuntun lè hù dáadáa. Àwọn baba wa kò sì fi ìtọ́jú eyín ṣeré. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń run bí ilẹ̀ bá mọ́.

Nígbà kan tí a ń ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìmọ́tótó ẹnu. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo máa ń fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí eyín mi ṣe rí nìyí láti ìgbà tó ti yọ." Àbàwọ́n àti ihò wẹ́wẹ́ wà lára eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì. Olùkọ́ náà dáhùn pé kò fọ ẹnu dáadáa ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì dáhùn ìbéèrè kankan mọ́ títí agogo fi lù.

Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ọmọ yìí. Ìbéèrè rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

2.0 Bí Eyín Ṣe Ń Dá

Eyín àkọ́yọ ọmọdé jẹ́ 20. Ti àgbàlagbà jẹ́ 32. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún ni ìṣẹ̀dá eyín àkọ́yọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn tó máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó ọdún 6 ti ń le bọ̀ nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti nǹkan bí àkókò ìbí. Ti eyín iwájú tó ń rọ́pò èyí tó ká máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí.

Ìpele òde tó funfun, èyí tí a ó máa pè ní ìbora eyín nínú iṣẹ́ yìí, ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Nǹkan bí 96% ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ mínírà. Ṣùgbọ́n àwọn ohun abẹ̀mí tín-ń-tìn-tín tó ṣẹ̀dá ìbora yìí kì í sí mọ́ bí eyín bá ti yọ. Egungun tó ṣẹ́ lè so padà. Ìbora eyín tó bá ti ní àléébù láti ìṣẹ̀dá kò lè tún ara rẹ̀ dá. Bí èròjà oúnjẹ kò bá tó ní àkókò náà, tàbí tí ibà líle bá kọ lu ọmọ, àmì rẹ̀ lè hàn lára eyín ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

3.0 Iṣẹ́ Tí Àwọn Èròjà Náà Ń Ṣe

3.1 Kálísíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti fítámìn D

Bí a bá fi eyín wé ilé, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì. Fítámìn D ni alábàárù tó ń gbé kálísíọ̀mù láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí 99% kálísíọ̀mù inú ara ló wà nínú egungun àti eyín. A ń rí i nínú wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-tegungun, ewédú àti ewé oṣè. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà. Oòrùn tó ń ta sí ara ni a fi ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú fítámìn D.

Ẹnìkan lè sọ pé ọmọ tó ń ṣeré nínú oòrùn kò lè ní ìṣòro. Ìwádìí kan tí a gbé jáde ní ọdún 1999 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì wọ́, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kálísíọ̀mù ló ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ wọn: nǹkan bí 200 mílígíráàmù lójúmọ́. Àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámìn D nìkan lọ. Alábàárù wà, búlọ́ọ̀kù ni kò sí. Ọmọ tó ń mu ògì lásán, láìsí wàrà, ẹja tàbí ẹ̀wà nínú oúnjẹ rẹ̀, wà nínú irú ewu yìí.

3.2 Fítámìn A àti C

Fítámìn A ń ran àwọn ohun abẹ̀mí tó ń ṣẹ̀dá ìbora eyín lọ́wọ́, ó sì ń dáàbò bo awọ inú ẹnu. Ó wà nínú epo pupa, ẹ̀fọ́, mángòrò àti ẹ̀dọ̀ ẹran.

Èrìgì, ìyẹn ẹran tó di eyín mú, ni fítámìn C ń ṣiṣẹ́ fún jù lọ. Ní ọdún 1747, dókítà ọkọ̀ ojú omi ará Scotland kan, James Lind, ṣe ìtọ́jú oríṣiríṣi fún atukọ̀ 12 tí èrìgì wọn wú tó sì ń jẹrà. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti òroǹbó ni ara wọn tètè yá jù. Gúáfà, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ata tútù ní fítámìn yìí. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló bá omi lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ láàárín eyín ni àìtó fítámìn C ń fà. Ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló sábà máa ń fà á.

3.3 Fúlóráìdì

Mínírà yìí máa ń mú kí ìbora eyín lè dojú kọ omi kíkan tó ń jẹ ẹ́. Ọṣẹ ìfọyín ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí i. Àpọ̀jù rẹ̀ kò dára: bí ọmọ kékeré bá ń gbé e mì tàbí tí ó pọ̀ jù nínú omi mímu, ó lè fi àbàwọ́n sára eyín tí kò tíì yọ. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ló tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.

4.0 Ibi Tí Agbára Wọn Mọ

Yorùbá máa ń sọ pé kòkòrò ló jẹ eyín. Ọ̀pọ̀ ń fojú inú wo ekòló kékeré kan tó ń rìn nínú ihò eyín. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é: wọ́n ń jẹ ṣúgà tó kù lẹ́nu, wọ́n sì ń pèsè omi kíkan tó ń yọ́ mínírà kúrò lára ìbora. Itọ́ ẹnu máa ń dá díẹ̀ nínú mínírà náà padà bí a bá fún un láàyè. Ọmọ tó ń lá súìtì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò fún un láàyè. Bí ihò bá sì ti lu tán, kò sí fítámìn tó lè dí i; onímọ̀ ìtọ́jú eyín nìkan ló lè ṣe é.

Ọ̀ràn kan tún wà tó gba àròjinlẹ̀. Láti ọdún 2002 ni a ti ń fi dandan kún ṣúgà, ìyẹ̀fun àti òróró ní fítámìn A ní Nàìjíríà. Ojú àti ara ọmọ ni ètò yìí wà fún. Òbí tó bá ka orúkọ fítámìn lára ọ̀rá ṣúgà kò gbọdọ̀ rò pé ṣúgà ti di oúnjẹ eyín. Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà àfikún má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́.

5.0 Àbá fún Olùkọ́

(i) Kí olùkọ́ fi oúnjẹ kún ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ẹnu. Kí àwọn ọmọ dárúkọ oúnjẹ ilé wọn, kí a sì pín in sí abẹ́ èròjà kọ̀ọ̀kan.

(ii) Kí a lo ọ̀rọ̀ "kòkòrò" pẹ̀lú àlàyé, kí ọmọ lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí ojú ń rí àti èyí tí ojú kò rí.

(iii) Kí a sọ fún àwọn òbí, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, pé oúnjẹ aláboyún àti ti ọmọ ọwọ́ jẹ́ ara ìtọ́jú eyín.

(iv) Kí olùkọ́ má fi eyín ọmọ dá a lẹ́jọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbàwọ́n lè ti inú oúnjẹ, àìsàn tàbí omi mímu wá. Kí ó ránṣẹ́ sí òbí kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú eyín.

6.0 Ìkádìí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè tí a ti ń wo eyín ni inú oyún àti ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ọmọ. Orin àti búrọ́ọ̀ṣì ń ṣọ́ ilé. Oúnjẹ ni a fi kọ́ ọ. Bí olùkọ́ tó wà ní kíláàsì ọjọ́ náà bá ti mọ èyí, ìdáhùn rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ì bá ní, "O ṣeun tí o béèrè. Jẹ́ kí a jọ wo bí eyín ṣe ń dá." Ọmọ náà ì bá mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu.