Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún èèyàn wa kan tán ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ti dá irú iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1962, tó sì padà sí Òkìtìpupa tòun ti báńdéèjì lórí, ọpẹ́ ni gbogbo ilé ń dá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ inú ọ̀rá oògùn tó gbé bọ̀ ni iṣẹ́ tó kù wà.

Ẹ wo dexamethasone. Òun ló ń mú kí ọpọlọ tó wú fà wálẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó máa ń lé oorun lọ, ó sì lè da orí ẹlòmíràn rú. Bàbá tí kì í pariwo á dìde láàárín òru, á ní àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Phenytoin tí wọ́n fi ń dènà gìrì lè mú èèyàn máa rìn tàgétàgé. Levetiracetam, tí òun náà jẹ́ oògùn gìrì, lè sọ onísùúrù di oníbìínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹbí á ti ní ọwọ́ ayé ni.

Àwa ará Ìkálẹ̀ mọ ibi tí irú èrò yìí ń gbé èèyàn dé. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè, orí fífọ́, ojú ṣíṣú, ikú kíákíá: ó lé ní 15 èèyàn tó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol tó wà nínú ògógóró ni. N kò bá òrìṣà ẹnikẹ́ni jà o. Ohun tí mò ń wí ni pé ká kọ́kọ́ tú ọ̀rá oògùn wò ká tó tú ilé aládùúgbò.

Ògógóró gan-an kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń lo oògùn gìrì, tó tún ń mu àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, oorun lè kùn ún débi tí dókítà á fi rò pé ọpọlọ tún ti wú. Alábùkún ńkọ́? Aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ewu ńlá ni fún ojú abẹ inú agbárí. Bí ó bá tún bá dexamethasone pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ikùn. Ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà.

Bí àwọn mìíràn bá wá gbọ́ pé oògùn ló fà á, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ibẹ̀ ni n kò ti bá wọn lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Oògùn gìrì tí a já lójijì lè mú gìrì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ wá. Dexamethasone tí a ti lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in, nítorí ara ti gbójú lé e. Ẹni tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà lè dákú.

Kì í sì í ṣe gbogbo àyípadà ni oògùn ń fà. Ẹ̀jẹ̀ lè ya lórí ọpọlọ, kòkòrò lè wọ ojú abẹ. Dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ẹ bá fi òótọ́ hàn án. Ẹ kọ ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, àti ìgò àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú. Ọ̀nà Ìbàdàn jìn, nítorí náà ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn dókítà UCH kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọsibítù ìjọba tó wà l'Òkìtìpupa lè yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n sì bá àwọn ti UCH sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí ara bá sú lẹ́yìn phenytoin tàbí carbamazepine, tí òun náà jẹ́ oògùn gìrì, tí ẹnu tún ń bó, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé e lọ lóru náà, kí ẹ tó fún un ní oògùn tó kàn.