Ara mi tóbi, mo lóyún oṣù márùn-ún: ṣé àtọ̀gbẹ ló ń bọ̀ ni?

*Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Nọ́ọ̀sì gbé mi lé òṣùwọ̀n, mo wọn kílò 92, ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà wò. Ìyá ọkọ mi ní kí n má dá a lóhùn, pé ara ọlá ni. Wọ́n ń fún mi ní mọ́ọ̀tì àti mílíìkì láràárọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mi lè pọ̀. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Àbúrò mi tó wà ní London, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ní wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí fún òun nítorí pé adúláwọ̀ ni òun. Ṣé sísanra ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, àbí àwọ̀? Ṣé kí n pa àmàlà tì?*

*Ìyàwó ilé kan, Mọ́níyà.*

Ìyàwó wa, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò náà.

Ibi ọmọ máa ń tú àwọn èròjà kan jáde tí kì í jẹ́ kí ínsúlínì ìyá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ara ọ̀pọ̀ aláboyún á pèsè ínsúlínì sí i, ọ̀rọ̀ á tán. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, ṣúgà á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì kọjá sára ọmọ. Ọmọ lè tóbi débi tí èjìká rẹ̀ á há nígbà ìbí. Àtọ̀gbẹ oyún nìyẹn, kì í sì í sábà fi àmì kankan hàn.

Sísanra wà nínú ohun tó ń fà á, òun nìkan kọ́. Ní ìlú Òyìnbó, àyẹ̀wò yìí kan aláboyún tí BMI rẹ̀ (ìṣirò tí wọ́n fi kílò àti gíga ẹni ṣe) bá lé ní 30, tàbí tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ti bí ọmọ tó wọn kílò 4.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó wá láti ìran tí àtọ̀gbẹ pọ̀ láàárín wọn. Èyí ìkẹyìn ló kan àbúrò yín, ẹ̀tanú kọ́. Àwa adúláwọ̀ kì í ní láti sanra tó Òyìnbó kí àtọ̀gbẹ tó wọlé: níbi tí wọ́n ti ń ka 30 fún wọn, 27.5 ni wọ́n ń kà fún wa. Fún obìnrin tó ga ní mítà 1.60, nǹkan bíi kílò 77 ni 30, nǹkan bíi kílò 70 sì ni 27.5. Ìwọ̀n tí ẹ ní kí ẹ tó lóyún ni kí ẹ lò.

Ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni àkókò rẹ̀, ẹ ti ń súnmọ́ ọn. Ẹ má jẹun láti òru. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fún yín ní omi tí wọ́n po gíráàmù 75 glúkóòsì sí (ó dùn débi tí èébì lè gbé yín), wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Bí èsì bá dé 92, 180 tàbí 153 mg/dL ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹyọ kan péré ti tó láti fi hàn pé àtọ̀gbẹ oyún ni. Ìtọ̀ tí wọ́n ń tẹ bébà bọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí wọn kò bá ń ṣe é níbi tí ẹ ń lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn.

Ní ti mọ́ọ̀tì, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún yín, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà ló ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹ má bá Màmá jà. Ẹ mú wọn dání lọ́jọ́ ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì máa ń wọ ìyá ọkọ létí ju ọ̀rọ̀ ìyàwó lọ.

Àmàlà kò ṣẹ̀ yín. Ẹ dín òkèlè kù, kí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja pọ̀ sí i, kí ẹ sì máa rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má fi ebi pa ara yín torí kí ẹ lè fọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ínsúlínì, ẹ gbà á, kì í kọjá sára ọmọ.

Bí wọ́n bá rí i lára yín, ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbí. Síbẹ̀, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbí, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí pé ẹni tó bá ti ní in nínú oyún súnmọ́ àtọ̀gbẹ gidi ju ẹni tí kò ní in rí lọ.