Irin Wẹ́wẹ́, Ooru àti Ìtànṣán Nínú Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn jẹjẹrẹ nínú ẹbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi èròjà tí ojú lásán kò lè rí bá àrùn náà jà. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan, èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì.

Jẹjẹrẹ ọpọlọ tí à ń pè ní glioblastoma burú púpọ̀. Bí a tilẹ̀ gé e kúrò, ó sábà máa ń padà wá. Àwọn dókítà náà lu ihò kékeré sí agbárí aláìsàn, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fi omi kan sínú kókó jẹjẹrẹ náà. Irin tí ó dàbí èyí tí ó dógùn-ún ni ó wà nínú omi náà, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mélòó kan.

Irin a máa hàn ketekete nínú àwòrán ẹ̀rọ CT. Nítorí náà, dókítà kọ́kọ́ wò ó bóyá irin náà dúró sínú kókó, ó sì ṣírò bí ooru yóò ti pọ̀ tó níbẹ̀. Láìsí àwòrán yìí, wọn ì bá máa sun ibi tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nínú ọpọlọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé aláìsàn sínú ẹ̀rọ òòfà tí agbára rẹ̀ ń yí síwá sẹ́yìn ní ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin náà gbóná, kókó náà sì gbóná kọjá ìwọ̀n 43 ti Celsius. Ìwọ̀n 37 ni ti ara tí ó dá. Wákàtí kan ni wọ́n fi ṣe é, ní ìgbà mẹ́fà. Ooru a máa sọ jẹjẹrẹ di aláìlágbára níwájú ìtànṣán, ni wọ́n ṣe pa méjèèjì pọ̀.

Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, 59 aláìsàn tí jẹjẹrẹ wọn ti padà wá ni wọ́n tọ́jú. Ìdajì wọn lò ju oṣù 13 lọ láti ìgbà tí a rí i pé ó padà. Kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò yan àwọn mìíràn tí a kò fún ní irin láti fi wọ́n wéra. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní ìwòsàn. Ìnira náà wà pẹ̀lú: ẹni tí ó fi irin dí eyín ní láti yọ ọ́, ẹ̀rọ MRI kò sì lè fi ọpọlọ náà hàn dáadáa mọ́. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2010, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é wọ gbèsè tí kò lè san ní 2022.

Bí ẹnìkan bá wá gbé omi inú ìgò fún yín, tí ó ní èròjà "nano" inú rẹ̀ ń wo jẹjẹrẹ, ẹ bi í léèrè àwòrán tí ó fi mọ̀ pé oògùn náà dé inú kókó.