Ọkọ̀ Tí Ọwọ́ Méjì Ṣe: Ìmọ̀ràn Lórí Títọ́jú Kombi Àtijọ́ Tí A Sọ Di Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ tí a ń pè ní Kombi mu gan-an, nítorí pé ohun tó mú un yàtọ̀ sí ọkọ̀ tuntun kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan, àkísà tó ti kó jọ ni: gbogbo àtúnṣe, ìlẹ̀mọ́ àti àfikún tí àwọn tó ti ni ín rí ti ṣe sí i lára láti ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Wolfsburg ní ilẹ̀ Jámánì, kí wọ́n tó kó iṣẹ́ náà lọ sí Hannover ní 1956. Nígbà tí yóò sì fi di 1951, ilé iṣẹ́ Westfalia ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, tí ó fi di ọkọ̀-ilé, ìyẹn ọkọ̀ tí ènìyàn ń wà kiri, tí ó ń sùn, tí ó sì ń dáná nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Devon àti Dormobile ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Bràsíìlì sì ń ṣe Kombi títí di ìparí 2013. Ní ìlú Èkó, dáńfó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọkọ̀ yìí sí, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ sì bá ti ọkọ̀ Ìjàpá tan, èyí tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Ìdí nìyí tí àgbà mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ nígbà náà fi lè fi etí lásán mọ ohun tí ó ń ṣe Kombi tí ẹlòmíràn ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọwọ́ méjì ló wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kìíní ni ti ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́, tí ó tẹ̀lé ìlànà, tí ó sì kọ ìlànà náà sínú ìwé. Ọwọ́ kejì ni ti àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ: bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ṣàtúnṣe mọ́ tó, ojú ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti pàdé ti ilé iṣẹ́ ni kókó máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn ọkọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ra Kombi tí a ti tún ṣe kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbé sípánà. Ìwé àti gègé ni kí ó kọ́kọ́ gbé. Kí ó wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1970 lè máa gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ó wò bóyá kábúrétọ̀ kan ló wà níbẹ̀ tàbí méjì, bóyá bíréèkì iwájú jẹ́ oní-dírọ́ọ̀mù tó rí bí ìlù tàbí oní-dísíìkì tó rí bí àwo, àti bóyá wọ́n ti rẹ iwájú ọkọ̀ náà sílẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi ọdún ọkọ̀ nìkan ra ẹ̀yà rẹ̀, èyí tí kò wọlé ni yóò máa rà. Nínú ìwé yẹn kan náà ni kí ó máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà àti iṣẹ́ tó ṣe sí, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti inú òkùnkùn.

Kò sí bí a ti lè ṣe Ifá kó má hùwà èkùrọ́. Ẹ́ńjìnnì Kombi àtijọ́ kò ní rédíétọ̀, kò sì ń mu omi. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ sí i àti ọ́ìlì inú rẹ̀ ló ń tù ú, kò sì sí ọ̀ṣọ́ tí a lè ṣe sí i tí yóò yí ìwà náà padà. Nínú ẹ́ńjìnnì 1600 tó wọ́pọ̀ jù, ọ́ìlì náà kò ju lítà 2.5 lọ, kò sì ní fílítà bí ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Asẹ́ wáyà kékeré kan ló wà nísàlẹ̀, tí ó ń dá ìdọ̀tí ńlá dúró, tí ó sì ń jẹ́ kí èyí tó kúnná kọjá. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà, tí ó sì fọ asẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà, ti ṣe ìdajì ìtọ́jú tí ẹ́ńjìnnì yìí ń béèrè.

Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ìdí fáàfù àti apá irin tí ń tì í ṣí. Mìlímítà 0.15 ni àlàfo náà ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnnì 1600, a kì í sì í wọ̀n ọ́n àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn mọ́jú tí ó sì tutù pátápátá. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fílà géèjì ni a ń tì bọ ibẹ̀: tí ó bá wọlé, tí ó sì ń fà lọ́wọ́ díẹ̀ bí ìgbà tí a ń yọ bébà kan jáde lábẹ́ ìwé ńlá, àlàfo tọ́, tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ fàlàlà, ó ti fẹ̀ jù, tí kò bá sì wọlé rárá, ewu ti dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún, bẹ́ẹ̀ èyí tó dákẹ́ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù, nítorí pé bí àlàfo bá ti tán, fáàfù kò ní lè padé dáadáa mọ́, ooru yóò máa yọ́ gba etí rẹ̀, títí tí yóò fi jó, tàbí tí orí rẹ̀ yóò fi já sínú sìlíńdà. Sìlíńdà kẹta ni kí a ṣọ́ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ jù, torí pé atẹ́gùn tó yẹ kó tù ú ti kọ́kọ́ gba ara ohun tí ń tu ọ́ìlì kọjá, ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níhìn-ín ni ọwọ́ kejì ti máa ń ba nǹkan jẹ́ láìmọ̀. Àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnnì ká àti rọ́bà tó dí etí wọn ni kì í jẹ́ kí ooru abẹ́ ọkọ̀ gòkè padà sọ́dọ̀ fáànù. Ẹni tó gé páànù kí kábúrétọ̀ ńlá lè ráyè, tàbí tó yọ rọ́bà náà dànù nítorí pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, ti sọ ẹ́ńjìnnì di aláìsàn tí ń fa èémí ara rẹ̀ símú.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni Kombi ń ṣe nìyẹn pẹ̀lú rọ́bà epo. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ní ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí a fi irúgbìn pọn, tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí yìí sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́ láti inú wá. Kí a fi ọwọ́ tẹ rọ́bà náà kọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: tí ojú rẹ̀ bá là wínníwínní bí ètè tí ọyẹ́ ti mú, kí a má ṣe dúró dọ̀la, kí a pa gbogbo rẹ̀ dà sí irú èyí tí wọ́n tẹ R9 sí lára, tó lè gba ẹ́tánọ́ọ̀lù. Rọ́bà tí wọ́n fi òwú hun bò lẹ́yìn rẹwà, ó sì bá ọkọ̀ àtijọ́ mu, ṣùgbọ́n òwú náà kì í jẹ́ kí a rí i tí abẹ́ rẹ̀ bá ti là. Kí a tún di ọ̀pá idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kábúrétọ̀ mú, kí a rọra mì ín, nítorí pé ó máa ń tú nígbà míràn; tí fílítà epo bá sì wà lókè ibi tí iná púlọ́ọ̀gì ti ń pín, kí a gbé e kúrò níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàtúnṣe ń gbé e sí nítorí ìrọ̀rùn. Mágníṣíọ́ọ̀mù, irin fúyẹ́ kan tó ń gbiná, wà nínú ohun tí wọ́n fi dá ara ẹ́ńjìnnì yìí, bí ó bá sì ti ràn, omi kì í pa á, ńṣe ni omi ń kún iná náà lọ́wọ́. Agolo ìpaná gbọ́dọ̀ wà níwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn níbi tí iná yóò ti dí ọ̀nà rẹ̀.

Ní ti wíwá ìdí àìsàn, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó sábà máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò. Bí sítátà bá kàn ń dún kẹ́ lásán, a kì í tú u sílẹ̀. Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń wọ̀n, torí pé èyí tó kún tí ó sì sinmi máa ń fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn, tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tí bátìrì bá dára, kí a wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo okùn irin pẹlẹbẹ tí a hun, tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, nítorí náà okùn yìí ni ojú ọ̀nà tí iná fi ń padà sọ́dọ̀ bátìrì. Tí ó bá já tàbí tí ó dípẹtà, iná yóò wá ọ̀nà míràn gbà, ó sì lè jẹ́ okùn tí ń fa kábúrétọ̀ ni yóò gbà, tí okùn náà yóò fi gbóná tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ihò rẹ̀. Bí a bá fi wáyà ńlá kan so orí òdì bátìrì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tí sítátà sì jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ti mú olè náà.

Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa ṣùgbọ́n tí kò dáhùn, ọ̀ràn méjì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, epo àti iná. Kí a ṣí ìdérí fílítà atẹ́gùn, kí a fi ọwọ́ fa kábúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́: tí epo bá tu pẹ̀ẹ́ sínú ọ̀fun rẹ̀, epo ń dé. Lẹ́yìn tí òórùn epo bá ti lọ, kí a yọ púlọ́ọ̀gì kan, kí a fi ara rẹ̀ kan irin pẹ̀lú ohun èlò gbígbẹ tí iná kì í gbà, kí ẹnì kejì sì yí kọ́kọ́rọ́: iná aláwọ̀ búlúù tó le ló dára, èyí tó pọ́n tí ó sì rọ ń tọ́ka sí kọ́ńtáàtì, ìyẹn ojú irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń padé, tí àlàfo wọn jẹ́ mìlímítà 0.4. Kí a sì rántí pé 1-4-3-2 ni sìlíńdà ń tẹ̀ lé ara wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó kọ̀ láti jí lẹ́yìn ìtọ́jú kìkì nítorí pé a so wáyà púlọ́ọ̀gì méjì ní ìdàkejì. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí mẹ́ta padà pọ̀ kò ní mọ èyí tó wo ọkọ̀ sàn.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òtítọ́ òwe yìí hàn jù lọ nínú wáyà tí ọwọ́ kejì fà fún fíríìjì, gílóòbù àti ẹ̀rọ tó ń gba iná oòrùn. Bátìrì ilé gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì, kí rílé, ìyẹn bọ́tìnnì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, sì máa so wọ́n pọ̀ kìkì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí oorun alẹ́ kan má baà gba agbára tí a ó fi lọ sílé láàárọ̀. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì gan-an. Èyí tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ fíríìjì lè dáàbò bo fíríìjì, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo wáyà tí etí páànù ń gé láàárín ọ̀nà. Wáyà tí a kàn lọ́ pọ̀ tí a sì fi téèpù wé, kí a gé e kúrò láìṣàánú.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, omi sì ni alángbá ara Kombi. Gbogbo ihò tí wọ́n lu sórí òrùlé nítorí fèrèsé tàbí nítorí ẹ̀rọ oòrùn jẹ́ ẹnu tó là, bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà etí gíláàsì tó ti gan. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni ìpẹtà ń sá pamọ́ sí, nítorí náà kí a yọ pákó náà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí a fi ìka tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí jáàkì ń gbé. Ibi tó bá dún ṣákáṣáká lábẹ́ ọ̀dà, ó ti jẹrà. A kì í pa aṣọ òrùlé tó ń ṣí sókè dé nígbà tí ó bá tutù, kí èébu má baà bò ó.

Bíréèkì, táyà àti gáàsì kò gba àríyànjiyàn. Omi bíréèkì ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọdún méjì-méjì ni a ń pa á dà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀, tí 2319 fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ, nítorí náà ihò ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un kò gbọdọ̀ dí. Ara páìpù èéfín gan-an ni ooru tí ń mú inú ọkọ̀ móoru ti ń wá, tí ó bá sì lu, èéfín kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, tí kò ní òórùn tí ó sì ń pani lójú oorun, yóò wọlé. Ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ kò wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú Kombi láìsí i.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nọ́ọ̀tì tó ti lẹ̀ láti ogójì ọdún, ọ́ìlì àti sùúrù títí di ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé: jíjó irin ibi tí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àti pípín ara ẹ́ńjìnnì sí méjì, ti ọ̀gá ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró. Láti oṣù Kárùn-ún 2018, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò ọdọọdún mọ́, bí àtúnṣe tí a ṣe sí i kò bá pọ̀ jù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ni ín ni olùyẹ̀wò rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde lónìí, kí ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn, kí ó fi ọwọ́ tẹ rọ́bà epo rẹ̀ wò.