Ẹ̀kọ́: Eléré Tó Di Olùkọ́

Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn Bill Russell, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ Boston Celtics. Láti 1959 dé 1966, àwọn ni wọ́n ń gba ife lọ́dọọdún. Ní 1966, wọ́n fi í ṣe olùkọ́ ẹgbẹ́ náà. Ó sì tún ń ṣeré. Òun ni aláwọ̀ dúdú kìíní ní irú ipò yìí nínú líìgì NBA. Ní 1967, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ó wá sá? Rárá o! Ní 1968 àti 1969, wọ́n tún gbà á.

Ẹ̀yin ará, mímọ iṣẹ́ ṣe lọ́tọ̀, mímọ bí a ti í fi kọ́ni lọ́tọ̀. Àwa tí a ti mọ̀wé, ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹnìkan. Bí kò bá yé e lónìí, ká má jáwọ́.